Párì Ekurá Tí Bàbá Kan Ń Tọ́jú De Ọmọ Rẹ̀

Ọkùnrin kan ń bẹ ní etí òkun láyé àtijọ́, nígbà tí tẹlifóònù kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Apẹja ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀ fún un, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Bí bàbá bá ń tún àwọ̀n ṣe lórí iyanrìn, ọmọ a máa ṣa ohun tí òkun bì sílẹ̀: ìkarahun, igi tí omi ti họ bó, ẹja gbígbẹ tó ní apá márùn-ún bí ìràwọ̀. A gbé e wá, a ní, "Bàbá, kí lèyí?" Bàbá kì í wo ohun tó gbé wá. Ẹja ló ń bọ́ wọn, kì í ṣe ìkarahun. A ní, "Sọ ọ́ nù jàre, ìdọ̀tí òkun ni."

Ní ọjọ́ kan, wọ́n pa ekurá, ẹja ńlá tó ń jẹ ènìyàn nínú òkun, tí eyín rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ bí eyín ayùn. Ọmọ rí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó là sílẹ̀ gbayawu. Ó fẹ́ ki orí bọ̀ ọ́ kó lè wo òkun láti inú ẹnu ẹja. Ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó bá òun tọrọ rẹ̀. Bàbá fà á lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, nítorí òòrùn ti ń wọ̀, àwọ̀n tó ya sì wà nílẹ̀. Ọmọ kò sunkún. Ó kàn ń bojú wẹ̀yìn ni títí wọ́n fi délé.

Ọmọ kì í pẹ́ dàgbà lójú ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó gbójú sókè. Ìbídùn di wúńdíá, ó fẹ́ olùkọ́ kan tó jẹ́ ará òkè, ó sì bá a lọ sí ìlú tí wọn kì í ti í gbọ́ ìró òkun. Inú bàbá kò dùn pé ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, kò sì fi bò. Ṣùgbọ́n ó súre fún un, ó sìn ín dé ìdí ọkọ̀.

Nígbà tó padà délé, ilé dákẹ́. Ẹni tó bá ti sin ọmọ lọ sílé ọkọ rí mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń lọ sídìí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ ìkarahun kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó gbé e sójú òòrùn, ó sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń wí pé, "Kí lèyí?" Kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ó fi ìkarahun náà sápò.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Ó kó igbá ẹ̀yìn awun òkun. Ó kó egungun ẹ̀yìn àbùùbùùtán, ọ̀kan tó tó ìdí odó. Ó kó imú ẹja tó gùn tó ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, òkúta tí omi lu láàárín, àti ìkarahun tí ènìyàn kò lè kà. Yàrá Ìbídùn ló kó gbogbo rẹ̀ sí. A máa tò wọ́n, a sì máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Èyí á pa á lẹ́rìn-ín. Èyí, á ní kí n fún òun." Àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àwa ń gbé ẹran ẹja relé, ìwọ ń gbé eyín." A bá wọn rẹ́rìn-ín, kò jẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Àárò ọmọ ló ń sọ ọ́, ojú sì ń tì í láti wí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọkùnrin.

Obìnrin alájàpá kan wà tó ń ra ẹja yíyan létí òkun lọ tà lókè. Òun ló ń jíṣẹ́ láàárín bàbá àti ọmọ.

"Ìbídùn ní kí n kí yín o," ni alájàpá a wí. "Ó ní ṣé kí òun wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí?"

Ọkàn bàbá a fò fún ayọ̀. Lẹ́yìn náà a rántí yàrá, a rántí pé párì ekurá kò tíì sí níbẹ̀. Gbogbo nǹkan tó kù, òun ló kó wọn fúnra rẹ̀. Èyí nìkan ni ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ.

"Sọ fún un kó ṣì ní sùúrù. Mo ń tọ́jú nǹkan kan dè é. Bó bá ti pé, èmi fúnra mi ni mà á ránṣẹ́ pè é."

"Kí ni kí n sọ fún un pé ẹ ń tọ́jú?"

"Má sọ nǹkan kan. Kó fojú ara rẹ̀ rí i."

Párì ekurá kò sì rọrùn láti rí gbà. Ọkọ̀ bàbá kéré ju èyí tó lè pa á lọ, ní etíkun náà, ẹni tó ni ọkọ̀ tó pa á ló sì ni orí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa á ni wọ́n ń gé orí náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ sínú ìkòkò, kí gbogbo ẹni tó fa àwọ̀n lè jẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá tọrọ rẹ̀ lódindi, oúnjẹ ẹnu àwọn ènìyàn ló ń tọrọ. Ó bẹ̀ títí, wọ́n ń lé e. Nígbà tó yá, àánú rẹ̀ ṣe ọlọ́kọ̀ kan, ó gbé e fún un. Bàbá sáré délé, ó gbé omi kaná, ó sè é bí ẹni ń se orí ewúrẹ́, kí ẹran ara rẹ̀ lè bó. Kò mọ̀ pé párì ekurá kì í ṣe eegun líle. Bí etí ènìyàn ló rí, ó ń tẹ̀. Ó súnkì nínú omi gbígbóná, ó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, eyín rẹ̀ sì ń já bọ́ sísàlẹ̀ ìkòkò. Bàbá jókòó ti ìkòkò náà, ó sunkún.

Lọ́dún yẹn, ọmọ tún ránṣẹ́ pé ṣé kí òun wá. Bàbá ní kò tíì yá. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," ló ń wí fún ara rẹ̀. Òwe dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó fi òwe dáadáa tẹ́ ẹní, tó sùn lé e lórí.

Ó pẹ́ kó tó rí òmíràn gbà. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbé e kaná. Ó fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀díẹ̀, ó fi igi wẹ́wẹ́ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó má baà pa dé, ó sá a sábẹ́ òjìji, ó ń yí i padà bí ẹni ń yí ọmọ tuntun, títí ó fi gbẹ, tó là sílẹ̀ gbayawu, eyín rẹ̀ pé. Bàbá gbé e lọ sójú fèrèsé, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó wo òkun. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ó sáré lọ bá alájàpá ní àgọ́ tó ti ń yan ẹja.

"Ó ti pé! Sọ fún Ìbídùn kó máa bọ̀."

Obìnrin náà yọ igi kúrò nínú iná kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jókòó. Ó wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá."

"Ta ló wá?"

"Ìbídùn. Ibi tí ẹ jókòó sí yìí ló jókòó sí. Ẹ mọ̀ pé níbí, bí bàbá bá ní kí ọmọ má tíì wá, ọmọ kì í tẹ ẹnu ọ̀nà. Ó ní bóyá àìsàn ló wà nílé tí ẹ kò fẹ́ kó ran òun, bóyá ẹ sì ṣì ń bínú pé òun fẹ́ ará òkè. Ó ní kí òun ṣáà rí yín lókèèrè. Ó rí yín lórí iyanrìn, ẹ ń gbé nǹkan kan sójú òòrùn, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ara bàbá mi le. Ó tó.' Ó sunkún, ó sì padà."

"Èé ṣe tí o kò pè mí?"

"Ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe sọ, kí ẹ má baà pe òun ní aláìgbọràn. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè Ọya báyìí, ó sì ti bá a lọ, bàbá. Mi ò mọ orúkọ ìlú náà. Ẹja mi kì í débẹ̀."

Bàbá kò padà sí yàrá náà. Ó ti ilẹ̀kùn ilé, ó mú ọ̀pá, ó gba ọ̀nà òkè lọ lọ́wọ́ òfo, ẹni tí kò sùn níbi tí kì í ti í gbọ́ ìró òkun rí. Ẹni tó rí i gbẹ̀yìn, ní ìdíkọ̀ kan lọ́hùn-ún ló ti rí i, níbi tó ti ń bi àwọn awakọ̀ bóyá wọ́n mọ olùkọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Ìbídùn.

Má bi mí bóyá ó rí i, àbúrò mi. Èmi kò mọ̀. Ìwọ ni mo mọ̀. Ìyá rẹ ń ránṣẹ́ sí ọ láti abúlé pé ṣé kí òun wá, ìwọ ń wí pé, "Ẹ ní sùúrù, màámi, ẹ jẹ́ kí n parí ilé." O ní táìlì kò tíì sí nílẹ̀, sílìn kò tíì sí lókè, yàrá tí o yà sọ́tọ̀ fún un kò tíì ní ọ̀dà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń ṣe ọ́. Ìfẹ́ náà ló ṣe bàbá yẹn. Ìyá rẹ gbọ́ pé ọmọ òun ń kọ́lé, ó sì gbọ́ pé kí òun má wá. Èwo nínú méjèèjì lo rò pé ó ń gbé sùn?

Abúlé rẹ kò tó ìrìn òwúrọ̀ kan. Lọ mú un wá lọ́la. Bí kò bá sí àga, ó ti jókòó sórí búlọ́ọ̀kù rí.