Ìbídùn Tí Kì Í Kágò

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa, àbí ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹni tó bá fẹ́ tòògbé kó tètè wọlé lọ. N kì í pàlọ́ fún ẹni tó ń hanrun.

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó dúró gbọnin lẹ́yìnkùlé obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ẹlùbọ́ ni Ìbídùn ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ tún yá jù ú lọ. Bó bá ti bọ iṣu tán, á gbé ìkòkò, á da omi gbígbóná rẹ̀ sẹ́yìn ògiri, ṣàà! Ìyá ọkọ rẹ̀ á ní, "Ìyàwó, máa kágò kí o tó da omi gbígbóná sílẹ̀. Ilẹ̀ kò ṣófo."

"Ìyá, ta ló wà níbẹ̀ tí màá kágò fún? Ẹ jẹ́ n ráyè ṣiṣẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ọgbà ẹ̀fọ́ kékeré kan wà lẹ́yìn ògiri náà: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ẹ̀fọ́ fún Àyọ̀ká, ọmọbìnrin Ìbídùn kan ṣoṣo. Ara ọmọ náà kò yá. Ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun, ẹ̀fọ́ nìkan ni inú rẹ̀ sì ń gbà. Bí ẹ̀fọ́ bá tán, ọmọ tán nìyẹn.

Àfi bí ẹ̀fọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ jọwọlọ. Ìbídùn ní kòkòrò ni. Ó fọ́n eérú sí i. Ẹ̀fọ́ ń rọ. Ó ní ilẹ̀ ló ṣá. Ó da ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Ẹ̀fọ́ ń rọ. Ó pààrọ̀ irúgbìn, ó tún ọgbà ṣe yí ká. Ẹ̀fọ́ kàn ń rọ ni! Ni Ìbídùn bá bọ́ sí gbangba ìta, ó nàka sí ìyá ọkọ rẹ̀: "Ẹ wá wo àjẹ́ o! Ìyá yìí ló ń jẹ ọgbà mi, ó fẹ́ jẹ ọmọ mi mọ́ ọn!"

Ìyá fi ìborùn nu ojú, ó wọlé. Ó dùn mí, ẹ̀yin ọmọ. Àgbà tí kò ṣe nǹkan kan!

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, gbogbo àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Adìyẹ ò ké, ewé ò mì. Ìbídùn gbé omi gbígbóná dé ẹ̀yìn ògiri. Bó ṣe fẹ́ dà á, ilẹ̀ mí: fìììì. Ohùn tín-ín-rín kan sì jáde lábẹ́ ebè. Ẹ bá mi gbè é, "Àgò yà" ni kí ẹ máa wí:

Ìbídùn, Ìbídùn o,
*Àgò yà.*
O bó mi lórí, o bó mi lẹ́yìn,
*Àgò yà.*
Ọmọ mi sùn, o da iná lé e,
*Àgò yà.*
Tèmi ò jí mọ́, tìrẹ ńkọ́?
*Àgò yà.*

Ìkòkò já bọ́, omi dà sí Ìbídùn lẹ́sẹ̀. Yéè! Ó sáré tìrótìró wọlé. Àyọ̀ká wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ pa dé, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń mì: "Àgò yà... àgò yà..."

Ìbídùn ṣubú lu ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ ṣàánú mi! Ọwọ́ èmi fúnra mi ló fà á."

Ìyá wò ó. "Ṣé inú yàrá lo ti pè mí lájẹ̀ẹ́?"

Ìbídùn jáde síta, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó tọrọ àforíjì. Ìgbà yẹn ni ìyá tó bu omi tútù nínú àmù. Àwọn méjèèjì lọ sẹ́yìn ògiri. "Àgò o, ẹ̀yin tí ẹ wà nílẹ̀. Omi tútù la gbé wá." Ó rọra dà á. Nínú ilé, Àyọ̀ká ò wí "àgò yà" mọ́. Nígbà tó ṣe, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀fọ́ gbórí sókè. Ọmọ jẹ ẹ́, ara rẹ̀ le. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ fún Ìbídùn! Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ọgbà náà, kò ju ẹní ọmọdé lọ, tí koríko kankan kò hù mọ́. Lójoojúmọ́, lọ́sàn-án gangan, Ìbídùn á gbé omi tútù lọ síbẹ̀, á kágò, á dúró. Títí tó fi kú, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ibí ni mo ti ká ẹní àlọ́ mi. Ó kọ́ wa pé bí àgbà bá ní ká kágò, ká kágò. Bí nǹkan wa bá sì ń bàjẹ́, ká kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara wa kí a tó nàka sí ẹlòmíràn, nítorí ẹ̀bẹ̀ kì í tún gbogbo nǹkan ṣe.