Òkété Fara Pa Lóko Ẹfọ̀n

Àlọ́ mi jábọ́ láti òkè, kò ba igi, kò ba ọ̀pẹ, orí èmi Òkété ló bà lé. Ẹ má bojú wẹ̀yìn, èmi gan-an ni. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́, yóò bù mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi bú ara mi.

Ebi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rùn ọdún náà le débi pé tí mo bá mí sínú, ikùn mi a kan ẹ̀yìn mi. Mo jókòó sẹ́nu ihò mi nígbà tí Àgbọ̀nrín ń kọjá lọ, ó sanra bí ìkòkò.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń jẹ?"

"Oúnjẹ òfin ni," ló wí. "Mo já sí kòtò lóko Erin, ẹsẹ̀ mi sì dá. O mọ òfin igbó wa: ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni yóò máa bọ́ ọ títí yóò fi rìn dáadáa. Erin bọ́ mi, kò kùn."

Òfin tó dára ni. Mo bura fún yín, ó dára púpọ̀. Olè ni kò dára, èmi sì ni olè ọ̀hún.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ gba iṣẹ́ ebè kíkọ lọ́dọ̀ Ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n tóbi, ìwo rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù òfin ń bà á ju ẹ̀rù ọdẹ lọ. Mo kọ ebè kan. Mo kọ ààbọ̀ èkejì. Mo wá gbẹ́ kòtò, nítorí kòtò gbígbẹ́ ni iṣẹ́ ìdílé wa, mo rọra jókòó sínú rẹ̀, mo sì lọgun:

"Yéè! Ẹsẹ̀ mi o! Ẹfọ̀n pa mí o!"

Ẹfọ̀n sáré dé, òógùn bò ó. "Òkété, jọ̀ọ́, rọra pariwo. Ṣé ó dá ni?"

"Ó dá sọ́nà mẹ́ta, ọ̀gá. Ó lè jẹ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹun ná kí n tó kà á."

Wọ́n gbé mi délé. Iyán láàárọ̀, iyán ní ìrọ̀lẹ́, ẹyìn sísè láàárín méjèèjì kí ẹnu mi má baà dilẹ̀. Lọ́jọ́ kan ìyàwó Ẹfọ̀n gbé ọbẹ̀ wá, mo fimú sí i.

"Ìyá, òfin kò sọ pé kí ọbẹ̀ aláìsàn má ní olú."

"Kò sì sọ pé kí aláìsàn máa jẹ ju ẹni tó gbé e wálé lọ," ló dá mi lóhùn. Síbẹ̀ ó wá olú lọ. Olú, nígbà ẹ̀rùn! Ọjọ́ méjì ló fi wá a.

Ibi tó yẹ kí n ti dìde, kí n dúpẹ́, kí n máa lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni mí. Mo gbọ́ pé òfin náà ní ìrù: bí ẹsẹ̀ bá san tó sì wọ́ títí ayé, ọ̀gá yóò fi ìdajì oko rẹ̀ fún ẹni tó fara pa. Ìdajì oko Ẹfọ̀n! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Mo lọ́ ẹsẹ̀ mi bí ìtàkùn, mo sì pe Ẹfọ̀n lẹ́jọ́ níwájú Erin, olórí wa.

"Ta ni yóò wo ẹsẹ̀ náà?" ni Erin béèrè.

Ẹfọ̀n ní òun mọ ẹnìkan.

"Ó tì o!" ni mo wí. "Ẹni tí ọ̀gá mi bá pè, ti ọ̀gá mi ni yóò sọ. Ẹ̀tọ́ mi ni láti yan ẹni tí yóò wò mí. Ìnàkí ni èmi gbà síṣẹ́, kí gbogbo yín gbọ́!"

Ìnàkí ló ń to eegun fún gbogbo igbó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan tó mi lódindi. Ó tẹ ẹsẹ̀ mi, ó dijú, ó mi orí.

"Eegun yìí ti so pọ̀," ló wí, "ṣùgbọ́n ó wọ́."

Mo fò sókè, mo rántí, mo tún tiro balẹ̀. "Ẹ gbọ́! Ó wọ́! Ẹ mú okùn wá ká wọn oko!"

"Sùúrù," ni Ìnàkí wí. "Eegun tó bá so ní wíwọ́, a kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A máa ń tún un dá ni, ká wá tò ó kó gún."

Erin ju etí. "Òótọ́ ni. Bó bá ṣe é tún tò, kò tíì wọ́ títí ayé. Tún un dá."

Ìyàwó Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mo wo ìwo Ẹfọ̀n, mo tún wo oko náà bó ṣe lọ salalu, mo ní wọ́n kàn ń dẹ́rù bà mí ni. Èmi tí mo mọ òfin!

Kà!

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ máa ń dá lóòótọ́. Igbe tí mo ké lóko Ẹfọ̀n ní ọ̀rọ̀ nínú. Eléyìí kò ní. Mo yíjú, mo gé ohun tó sún mọ́ eyín mi jẹ. Àtàǹpàkò Ìnàkí ni.

Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, wọ́n ti di ẹsẹ̀ mi mọ́ igi, ó gún gbọọrọ. Mo ní, "Ẹfọ̀n, ọ̀gá mi, oúnjẹ dà?"

"Oko mi kọ́ ni eléyìí ti dá."

"Ìnàkí, ìwọ lo dá a. Bọ́ mi!"

"Ṣé èmi lọ̀gá rẹ ni?" Ìnàkí na àtàǹpàkò tó wú bí iṣu sí mi lójú. "Ìwọ lo gbà mí síṣẹ́, gbogbo wa la gbọ́. Ẹnu iṣẹ́ rẹ ni mo ti fara pa. Kí la ó jẹ?"

Mo wo Erin. Erin ní, "Òfin ni òfin."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan fò kiri igbó, tí mò ń wá oúnjẹ fún ẹni tó ń jẹ ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà kó tó bọ́jú. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá Ìnàkí mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà gún tẹ́lẹ̀. Bí mo bá bi í, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fara pa, kó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, kó má tijú rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le tó ń kérora, kó rántí pé ẹni tí ń to eegun wà nílé.

Àlọ́ mi ti balẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó jọ̀ọ́ yá mi. Ìnàkí ti ń pè mí.