Àgbà Atukọ̀ àti Obìnrin tó Ti Òfurufú Dé

Ọkùnrin kan wà ní erékùṣù kékeré kan láàárín òkun. Atukọ̀ ni. Omi tó yí ibẹ̀ ká kò jìn. Iyanrìn àti òkúta mímú ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ sì ń gbà jáde. Ogójì ọdún ló fi ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà yìí, ọkọ̀ kankan kò sì dà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè wọ ọkọ̀ mọ́, bó bá ṣe wí ni àwọn atukọ̀ tó kù ń ṣe.

Obìnrin kan sì wà tó rin ìrìn àjò lọ sí gbalasa òfurufú. Láti òkè lọ́hùn-ún, ó rí ibi tí omi ti jìn, ó dú bí aró; ó rí ibi tí kò jìn, ó ń dán bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Omijé lé ròrò sí i lójú. Ó ya àwòrán. Nígbà tó padà sílé ayé, ó wá erékùṣù náà lọ, nítorí ó fẹ́ mọ àwọn tó ń gbé inú ẹwà yẹn.

Ó kúnlẹ̀ níwájú àgbà náà, ó tẹ́ àwòrán sílẹ̀. Bàbá fi ìka lé e.

"Òkúta tó fọ́ ọkọ̀ bàbá mi nìyí."

Ó dárúkọ ibi kan tẹ̀ lé òmíràn, kò ṣì í.

"Bàbá, ta ló gbé yín dé òkè?"

"Ọ̀pá ni, ọmọ mi."

Lójijì, ìka rẹ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà jáde. Ibi tó yẹ kó dú ti funfun bí iyanrìn.

"Ìgbà wo lo yà á?"

"Oṣù tó kọjá ni, Bàbá."

Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kejì ni ọkọ̀ mẹ́ta máa kó àwọn ìyá ọlọ́mọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní òdìkejì omi. Atukọ̀ kan tó dúró tì wọ́n ní, "Bàbá, ẹ má dá àwòrán lóhùn. Ọ̀nà yín la máa gbà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Bàbá nínú. Ṣùgbọ́n ó mi orí.

"Iyanrìn ti ṣí kúrò níbi tó wà. Ọ̀nà tí mo kọ́ yín ti dí. Ọmọ mi, fi ọ̀nà tuntun tó là nínú àwòrán yìí hàn wọ́n, kí èmi náà lè mọ̀ ọ́n."

Ọ̀nà ìlà-oòrùn ni wọ́n gbà. Bí wọ́n ti ń kọjá, wọ́n rí i tí ìgbì ń fọ́ lórí iyanrìn ní ẹnu ọ̀nà àtijọ́. Gbogbo ìyá àti ọmọ ló gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ìwọ òbí tí gbogbo ilé ń bi léèrè ọ̀nà bíi ti àgbà yìí, mo mọ̀ pé ìyà ló kọ́ ọ ní ohun tí o mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó fọkàn tán ọ kò ní yẹ ohun tí o sọ wò kí wọ́n tó ṣe é. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ rẹ wúwo. Ọmọ rẹ obìnrin ti wá sọ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì pé nǹkan ti yí padà, o lé e síta. Pè é padà lónìí, kí o jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.