Yàrá Tí Dikódà Ńlá Wọ̀
Ọlọ́run ń fi ọgbọ́n fún ọmọ tó bá bèèrè. Olóyè Lánihún ra dikódà ńlá tí yóò máa pín àwòrán sí tẹlifíṣọ̀n gbogbo yàrá ilé. Àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kálukú ló fẹ́ kó wà ní yàrá tirẹ̀. Olóyè wí fún Ìbídùn tó gbé àkàbà wá láti so wáyà rẹ̀ pé, “Bí ọ̀kan nínú wọn bá fajú ro, àkàbà rẹ ò ní jáde níbí.” Ìbídùn gbé dikódà náà wọ yàrá ìyá Olóyè, tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó dé ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún mẹ́ta. Ó wí fún àwọn ìyàwó pé, “Ẹ̀yin ìyá mi, ta ni ò fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ Màmá?” Gbogbo wọn kúnlẹ̀: “Màmá, ẹ kú oríire.” Bí orin ìsìn ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, arúgbó náà nawọ́ sókè: “Olúwa, o wá kí mi nílé.” Olóyè fúnra rẹ̀ ló ru àkàbà Ìbídùn jáde.