Obìnrin Tí Ó Fi Oṣù Rẹ̀ Pamọ́

Obìnrin kan wà, ìyàwó awakọ̀ tírélà, tí ó ń fura sí gbogbo ènìyàn. Bí a bá kí i pé, "Ara le bí?" yóò kọ́kọ́ wo ojú ẹni tí ó kí i kí ó tó dáhùn. Èmi kò bá a wí. Àwọn àgbà ló ní ìfura loògùn àgbà, wọn kò sì purọ́.

Nígbà tí ó lóyún àkọ́kọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ń fura sí jù. Agboolé kejì ni ìyá náà ń gbé. Gbogbo ìgbà tí ó bá wá, ikùn ni yóò máa wò.

Ó wí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyàwó, ikùn yìí mà ti ń rọ̀ wálẹ̀ o."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fa ìró bo ikùn. Kí ni ó ń kà nínú ikùn olóyún?

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dá ọgbọ́n kan. Ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, bí oṣù méjì ṣáájú iṣu tuntun, ni yóò bí, ṣùgbọ́n ó sọ fún ìyá ọkọ pé iṣu tuntun yóò ti jáde kí òun tó bí. Ohun kan náà ni ó sọ fún ọkọ rẹ̀, nítorí ọkọ kì í fi nǹkan pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ pàápàá gbọ́ irọ́ yẹn, nítorí aṣírí kì í pẹ́ lẹ́nu ìyá. Ìlú mìíràn ni ó ti ń lọ gba ìtọ́jú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ nìkan ló mọ òtítọ́.

Kí ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni. Ó ra aṣọ ọmọ, ó ra ọṣẹ, ó ra òrí, ó kó gbogbo rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpò àgbàdo. Ènìyàn nìkan ni kò pèsè.

Nígbà tí ìrọbí dé, ọkọ wà ní òkè Ọya, ó ń kó àlùbọ́sà. Ìyá tirẹ̀ ti lọ sí Kútọnu, ó ní òun yóò dé kí iṣu tuntun tó jáde. Obìnrin yìí bí ọmọkùnrin làǹtìlanti lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó sì gbé e bọ̀ wálé lórí ọ̀kadà, òun nìkan. Kò sí ẹni tí yóò wẹ ọmọ, kò sí ẹni tí yóò se ọbẹ̀ ata fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pọn omi. Láìpẹ́, ọyàn rẹ̀ le bí òkúta, ara rẹ̀ gbóná, ọmọ ń ké, kò rí ọmú fà.

Igbe yẹn ni ìyá ọkọ gbọ́ tí ó fi wọlé. Ó gbé ọmọ. Ó wo èékánná rẹ̀, ó wo itan rẹ̀ tí ó kún. Ó rọra tẹ́ ẹ padà sórí ibùsùn.

Ó ní, "Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kọ́ nìyí. Oyún yìí ti wà ṣáájú oṣù tí o kà fún mi. Ìyàwó, ta ló ni ín?"

Ó jáde, ó jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó káwọ́ gbera. Ẹ ò rí nǹkan! Igi wà nílé, omi wà, ọwọ́ tí ó ti wẹ ọmọ jòjòló lọ́pọ̀lọpọ̀ wà níbẹ̀, kò sì ṣe nǹkan kan.

Obìnrin náà mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ yìí yóò pàdé ọkọ òun lójú ọ̀nà. Ó di ògiri mú títí ó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọmọ yín ló ni ọmọ. Oṣù ni mo parọ́ rẹ̀ fún yín."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí yín ni, mà."

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá náà dọ́kàn. Ó dìde. Kò sọ pé òun dárí jì í. Ó gbé omi kaná, ó wẹ ọmọ, ó fi aṣọ gbígbóná tẹ ọyàn náà. Nígbà tí ara ṣì ń gbóná, ó pọn ọmọ, ó sì mú ìyá ọmọ padà lọ bá nọ́ọ̀sì, nítorí kì í ṣe omi gbígbóná ni a fi ń wo irú ibà bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà yè.

Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ìyá náà bá gbé ọmọ yẹn, ó máa ń wo imú rẹ̀, ó máa ń wo etí rẹ̀, bí ẹni tí ó ń wá nǹkan.

Ìyàwó wa, ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, mi ò ní kí o pariwo oyún rẹ láàárín ọjà. Máa fura. Ṣùgbọ́n aṣọ ọmọ kì í gbé omi kaná fún ìyá ọmọ. Wá ẹnì kan, ẹnì kan péré, kí o sọ òótọ́ fún un, kí o sì bá a ṣe àdéhùn ẹni tí yóò dúró tì ọ́ bí o bá bímọ tán.

Nígbà tí o wọlé, o sọ fún mi pé ó di ìgbà ọyẹ́ kí o tó bí. Mo gbọ́. Mo sì ti wo ẹsẹ̀ rẹ tí ó wú; oyún yìí kò ní dúró de ọyẹ́. Má dá mi lóhùn. Dìde, lọ bá ìyá rẹ.