Òkété àti Agogo Mẹ́ta

Àlọ́ o.
— Ààlọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ tèmi rìn títí, ó fìdí kalẹ̀ sí àgbàlá Erin, níbi tí Òkété, Ọ̀bọ àti Ìgalà ti ń hun ẹní. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni àgbàlá náà ní, agogo sì wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí agogo bá dún, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jẹ́ ìpè rẹ̀.

Ti ọ̀nà oko kọ́kọ́ dún, Òkété sáré lọ. Erin ní, "Tìrẹ ni." Ti ọ̀nà odò dún, Òkété ló tún yára. Erin ní, "Tìrẹ ni." Nígbà tó kan ti ọ̀nà igbó, Òkété bẹ̀bẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ pín agogo fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Erin ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di tìrẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù ń hun ẹní, wọ́n ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Agogo ń pè, ta ni yóò jẹ́ ẹ?
— Òkété ni.
Ẹsẹ̀ ń ro ó, ta ni yóò sáré?
— Òkété ni.

Lọ́jọ́ òjò ńlá kan, agogo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dún pọ̀. Òkété sáré sí ọ̀nà oko, ó sáré sí ọ̀nà igbó. Ti odò ń dún ṣáá. Ìgalà fẹ́ dìde, Ọ̀bọ ní, "Jókòó, kì í ṣe tiwa."

Kí Òkété tó dé ọ̀nà odò, odò ti ya wọlé, ó ti gbé ọmọ kan ṣoṣo tí Òkété bí lọ nínú ihò tó sùn sí níbẹ̀.

Nígbà tí omi fà, Erin pín agogo fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní, "Òkété, ẹyọ kan ló kù fún ọ. Wàá ráyè jókòó ti ọmọ."

Òkété ní, "Ọmọ wo, Bàbá?"

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ náà, ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí.