Ọ̀bẹ Abẹ́ Abíyá Ọ̀nàdípẹ̀

Òwe kan wà tí wọ́n máa ń pa ní agbo ilé Ọlọ́nà ní Ọ̀yọ́. Bí àlejò bá gbọ́ ọ, á kọ́kọ́ gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí adìẹ tó ń wo àwòdì. Wọ́n á ní, "Ohun tó bá mọ́ni lára là ń gbàgbé sára." Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Ṣebí ohun tó jìnnà síni lèèyàn ń gbàgbé? Èèyàn lè gbàgbé oko tí kò dé láti ọdún mẹ́ta. Ó lè gbàgbé orúkọ ọmọ tí ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ bí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lára, tó ń bá ara gbóná, tó ń bá ara làágùn, báwo la ṣe ń gbàgbé ìyẹn? Èmi tí mò ń wí yìí, mo bú ẹni tó kọ́kọ́ pa á létí mi, mo ní irọ́ ló ń pa. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo tú gbogbo ilé, mo fi ìdí wọ́lẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣépè fún eku, nítorí gíláàsì ojú mi. Gíláàsì náà sì rèé lójú mi, òun ni mo fi ń ríran wá a. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti panu mọ́.

Ẹ má sì rò pé àwọn baba ńlá wa ti bí òwe tán. Òwe ṣì ń rọbí títí di òní. Èyí tí mò ń sọ yìí, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń wọ bàálù ni wọ́n bí i sí.

Ọ̀nàdípẹ̀ ni olórí àwọn tó ń fín igbá ní agbo ilé náà. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Kò purọ́ rí, ó sì mọ̀ pé òun kò purọ́ rí. Èyí tó mọ̀ yìí gan-an ló ń da àwọn tó ń bá a gbé láàmú. Bí ọmọ kan bá ní òun gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun, á bi í pé ṣé ó gbàgbé oúnjẹ àárọ̀ náà.

Nínú agbo ilé yẹn, èèwọ̀ ni kí ọ̀bẹ ìfíngbá olórí dá sùn. Ọ̀bẹ náà kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, egungun ni èèkù rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ẹnu orogún lọ. Bàbá ní í fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ nínú ilé òfìfo, kò gbọdọ̀ gbé e fún àlejò. Bó bá sùn, abẹ́ ìrọ̀rí ni. Bó bá jí, ara rẹ̀ ni. Nítorí náà ni gbogbo bùbá Ọ̀nàdípẹ̀ fi ní àpò kékeré kan nínú, lábẹ́ abíyá òsì. Télọ̀ ti mọ̀, kì í béèrè mọ́. Bí Ọ̀nàdípẹ̀ bá ń wọṣọ láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti mú ọ̀bẹ nínú àkọ̀ rẹ̀, á ti kì í bọ àpò. Ọwọ́ ló ń ṣe é, orí kò sí níbẹ̀.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, Ọ̀nàyẹmí, ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí bàbá wọn kú, ó fi igbá kan sílẹ̀ tí kò fín tán. Alángbá ló ń fín sí i lára. Ó ti fín orí, ó ti fín ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ikú sì dé kó tó kan ìrù. Ọ̀nàyẹmí ló tọrọ ọ̀bẹ pé kí òun parí rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò tíì fọwọ́ kan ìrù, wọn kò sì rí ọ̀bẹ mọ́. Gbogbo agbo ilé dìde. Wọ́n gbọn ẹní, wọ́n da omi inú ìkòkò nù, wọ́n tú ìtẹ́ adìẹ. Kò sẹ́ni tó wá a tó Ọ̀nàyẹmí. Òun ló gun àjà, òun ló rápálá wọ abẹ́ àká. Nígbà tó sú wọn, Ọ̀nàdípẹ̀ gbé ọkọ́ bàbá wọn jáde, ó ní kí kálukú fi ahọ́n kan irin rẹ̀, kó búra pé ọ̀bẹ kò sí lọ́wọ́ òun. Ọ̀nàyẹmí fi ahọ́n kàn án, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ pé kí òun gbé odó kúrò, kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ já bọ́ láti abẹ́ abíyá rẹ̀, níbi tó ti ń gbé e bí bàbá wọn ti ń ṣe, ó dún gbaǹgan lórí òkúta.

Ọ̀nàyẹmí wò ó bí ẹni tí kò rí ọ̀bẹ rí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbàgbé ni. Ó ti mọ́ mi lára."

Ọ̀nàdípẹ̀ ní, "Ta ní ń gbàgbé ohun tó wà lára rẹ̀?"

Gbólóhùn yẹn ló tú ilé ká. Ó pe àbúrò rẹ̀ ní olè, ó pè é ní ẹni tó búra èké, lójú ìyàwó, lójú ọmọ. Kò pé ọjọ́ márùn-ún tí Ọ̀nàyẹmí fi kẹ́rù, ó kọjá sí òkè Ọya, ó lọ fìdí kalẹ̀ sí Kàdúná. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko, kò wá, wọn kò ránṣẹ́ pè é. Igbá alángbá tí kò nírù wà lórí pẹpẹ, eruku bò ó, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìyàwó Ọ̀nàyẹmí pe Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọ̀nàdípẹ̀, lórí fóònù. Ó ní nǹkan kan ń dàgbà nínú ikùn ọkọ òun, pé àwọn dókítà yóò là á láàárọ̀ ọ̀la, wọn kò sì fi dá òun lójú pé yóò jí. Ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni ọkọ òun ń pè. Àwẹ̀ró gbé fóònù sí ọkọ rẹ̀ létí. Ọ̀nàdípẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó na ọwọ́ sí orí pẹpẹ, ó gbé igbá alángbá, ó fi etí aṣọ nù ún.

Mọ́tò kò lè gbé e dé Kàdúná kó tó di àárọ̀ ọ̀la. Fẹ̀hìntọlá, ọmọ wọn tó ń gbé Èkó, bá wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Àwẹ̀ró ti gbọ́ pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú irin wọ bàálù, ló bá jókòó ti àpò ọkọ rẹ̀. Ó yọ òòlu, ó yọ ayùn kékeré, ó yọ abẹ ìfárùngbọ̀n, títí dé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi há ẹnu àpò. Ó ní, "Baálé mi, irin kankan ò kù o." Ọkọ rẹ̀ ní kò kù. Obìnrin yìí ti ń bá ọ̀bẹ yẹn pín ìrọ̀rí láti ọdún mọ́kàndínlógún, ó mọ ìhà tí yóò kọjú sí kí èèkù má baà gún un létí, òun náà kò rántí.

Ọ̀nàdípẹ̀ wọ mọ́tò wá sí Èkó, Fẹ̀hìntọlá gbé e dé iwájú pápákọ̀ òfurufú, ó fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń tò wọlé, ó padà síbi iṣẹ́. Ọ̀nàdípẹ̀ bá ara rẹ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà onírin kan tó dá dúró, kò ní ògiri, kò ní ilẹ̀kùn, kálukú sì ń gbà á kọjá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n gba àpò rẹ̀ àti igbá rẹ̀, ẹ̀rọ gbé wọn mì, ó pọ̀ wọ́n sí òdìkejì láìsí wàhálà. Òun fúnra rẹ̀ kọjá, ẹnu ọ̀nà han.

Obìnrin òṣìṣẹ́ tó dúró níbẹ̀ ní kó bọ́ fìlà. Ó bọ́ ọ. Ó ní kó bọ́ bàtà, kó bọ́ aago, kó bọ́ agbádá. Ó bọ́ gbogbo rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tún han. Obìnrin náà bi í bóyá bẹ́líìtì ni.

Ọ̀nàdípẹ̀ ní, "Okùn ló wà ní ṣòkòtò mi. Bí mo bá tú u, ohun tí ẹ ó rí kì í ṣe irin. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ irin gbẹ̀yìn."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan láàárín wọn ní, "Bàbá, ẹ sọ ohun tí ẹ gbé mì fún wọn, bàálù ò mọ bàbá ẹnì kan o." Òṣìṣẹ́ náà gbé ẹ̀rín mì, ó rọra ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, irin ṣì wà lára yín. Ẹ tún ara yín wò."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán lójú Ọ̀nàdípẹ̀. Lójú tirẹ̀, òpùrọ́ ni ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ náà pe òun, lójú gbogbo ayé. Ó sọ fún un pé òun ti lo àádọ́rin ọdún láyé láìpurọ́, pé ẹ̀rọ lè ṣe àṣìṣe, òun kì í ṣe é. Ó bá súnmọ́ ẹnu ọ̀nà onírin yẹn, ó tẹ̀ ba, ó fi ahọ́n kàn án.

Ó ní, "Bí irin kan bá wà lára mi, kí irin yìí jẹ́rìí sí i."

Àwọn tó mọ ohun tó ṣe sún sẹ́yìn. Obìnrin tó ń ṣàwàdà lẹ́ẹ̀kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Òṣìṣẹ́ náà mú ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó ń gbé e kọjá lára bàbá, láti èjìká ọ̀tún wá sí àyà, láti àyà wá sí òsì. Nígbà tó dé abẹ́ abíyá òsì, ẹ̀rọ náà ké.

"Kí ló wà níbẹ̀, Bàbá?"

Kó tó dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ. Ọwọ́ mọ ọ̀nà. Ó wọ inú bùbá, ó yọ ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀nàdípẹ̀ wò ó bí ẹni tí kò rí ọ̀bẹ rí. Ó wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í ṣe tirẹ̀.

"Mo gbàgbé ni," ó ní. "Ó ti mọ́ mi lára."

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń wọ bàtà. Òṣìṣẹ́ náà rò pé ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń bà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú. Ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ mú un, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ àwọn télọ̀, tí wọ́n ń gba abẹ lọ́wọ́ àwọn onígbàjámọ̀, tí gbogbo wọn ń búra pé àwọn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò ní wọ bàálù. Kó jáde lọ fún ẹni tó sìn ín wá, tàbí kó jù ú sínú àpótí tó wà níbẹ̀ yẹn, ohun tó bá sì wọ inú rẹ̀ kì í padà jáde.

Ọ̀nàdípẹ̀ ní, "Bí mo bá jáde, ṣé màá bá bàálù?"

"Ẹ ò ní bá a, Bàbá. Wọ́n ti ń wọlé tán."

Ó wo ọ̀bẹ tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ yìí ti la ọwọ́ bàbá mẹ́fà kọjá. Èèwọ̀ ni kó bọ́ sọ́wọ́ àlejò, ká tiẹ̀ má sọ pé àpótí aláìlórúkọ. Ó sì ti fi ahọ́n búra lórí irin. Ó ń retí kí nǹkan kan ṣe òun, kí ojú ṣú, kí àyà já. Nǹkan kan kò ṣe é. Irin kò bínú sí ẹni tó gbàgbé. Nígbà náà ló yé e pé irin kò bínú sí Ọ̀nàyẹmí náà rí. Òun nìkan ló bínú. Ó ti fi àbúrò gba ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún gbé òṣùwọ̀n kan náà síwájú rẹ̀.

Ó dìde. Ó rọra sọ ọ̀bẹ sínú àpótí bí ìgbà téèyàn bá ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Ó dún gbaǹgan láàárín àwọn sísọ́ọ̀sì. Ó gbé igbá rẹ̀, ó gbàgbé fìlà, ọmọbìnrin náà ló sáré fi í lé e lórí.

Ìrọ̀lẹ́ ló dé ọsibítù ní Kàdúná. Ọ̀nàyẹmí ti rù, ó dà bí igbá tí oòrùn sá jù. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí abẹ́ abíyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀bẹ Bàbá ńkọ́?"

Ọ̀nàdípẹ̀ rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò fi ahọ́n tó fi kan irin pamọ́. Nígbà tó rò ó tán, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ọ̀nàyẹmí nawọ́ di aṣọ rẹ̀ mú, ó ní ṣé kí ẹ̀gbọ́n òun dọ̀bálẹ̀ fún òun kí òun lè kú kí dókítà tó gbé ọ̀bẹ tirẹ̀ ni. Ó fọwọ́ di ikùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ta ní ń gbàgbé ohun tó wà lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èmi ni," Ọ̀nàdípẹ̀ ní. "Ohun tó bá mọ́ni lára là ń gbàgbé sára. Ọ̀bẹ nìkan kọ́, àbúrò mi. Ìbínú tí mo bá ọ bí, mo ti gbé e pẹ́ débi pé n kò mọ̀ mọ́ pé mo gbé e."

Ó gbé igbá lé àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọ̀nàyẹmí fi ìka wá ibi tí ọwọ́ bàbá wọn parí sí. Ó ní ìrù ló kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìrù ló kù, kó dìde wá fín in. Ọ̀nàyẹmí bi í pé ọ̀bẹ wo ni òun yóò fi fín in. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní èyíkéyìí tó bá ṣáà ti mú.

Bí ẹ bá dé agbo ilé Ọlọ́nà, wọ́n á fi igbá náà hàn yín. Orí àti ẹsẹ̀ alángbá náà tinrín bí irun. Ìrù rẹ̀ nípọn díẹ̀, ó wọ́ díẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn ló fín in. Ibẹ̀ náà ni ẹni tó bá ń búra níwájú àwọn àgbà pé òun kò ní ìlara, òun kò ní ìgbéraga, òun kò di ẹnikẹ́ni sínú, ti máa ń rí i pé wọn kì í bá a jiyàn. Wọ́n á kàn ní kó tún abẹ́ abíyá rẹ̀ wò, nítorí ohun tó bá mọ́ni lára là ń gbàgbé sára.